Ìkirè àti Àpòmù Kì í Ṣe Ibùsọ̀ Dòdò

Àwọn tó ń ṣètò ìrìnàjò ọlọ́jọ́ méjì tàbí mẹ́ta la àwọn ìlú ìtàn ilẹ̀ wa kọjá ní ètò kan tó dà bíi pé ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo wọn ti kọ́ ọ. Wọn a bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọn a sùn ní Ilé-Ifẹ̀, wọn a parí rẹ̀ ní Òṣogbo. Láàárín Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ń dúró, ìyẹn Ìkirè, kí wọ́n lè na ọwọ́ láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ra dòdò. Àpòmù tó fara ti Ìkirè kì í tilẹ̀ rí tó ìyẹn gbà. Bí ẹ bá bi wọ́n ní ìdí, àlàyé wọn ṣe kedere. Ìlú ojú ọ̀nà ni méjèèjì, wọ́n ní, mọ́tò ló sọ wọ́n di ohun tí wọ́n dà. Bí ìtàn kan bá sì wà ní Àpòmù rárá, ìjà ataare ni, èyí tí ọlọ́jà kan àti oníbàárà rẹ̀ jà títí Òwu fi fọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún èrò yìí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Ìkirè tàbí Àpòmù bí ó ti wà ní Ẹ̀nuwá ní Ifẹ̀. Kò sí òpó òkúta níbẹ̀ tó dà bí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Àjọ UNESCO tó kọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní 2005 kò kọ orúkọ wọn. Ẹni tó bá sì ń sáré lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀, àwọn tó gbé igbá dòdò lórí ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bà lé. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ohun tí kò tọ̀nà ni ohun tí wọ́n ń fà yọ nínú rẹ̀. Ó sì ń bí mi nínú díẹ̀ pé àwọn tó máa ń béèrè iye owó hòtẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó sanwó kì í béèrè ọ̀rọ̀ ìtàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n tó tan án kálẹ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀, tó tó nǹkan bí 80 kìlómítà, agbègbè Ìkirè ni ọkọ̀ ń gbà, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń tajà níbẹ̀ lónìí sì ń jẹun láti ọwọ́ èrò ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé ọkọ̀ ló bí ìlú náà ti sọ ọmọ di bàbá. Reluwé dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1907 ó dé Òṣogbo, ọ̀nà Ẹdẹ ló sì gbà dé ibẹ̀. Kò ya Ìkirè, kò ya Àpòmù, kò ya Ifẹ̀ pàápàá. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà òyìnbó ló ń dá ìlú sílẹ̀ lágbègbè yìí, ìgbà náà ni ìlú méjèèjì ì bá ti pòórá, nítorí ọ̀nà òyìnbó tó lágbára jù lọ nígbà náà pa wọ́n tì. Wọn kò pòórá. Nígbà tí títì mọ́tò wá ń wá ibi tí yóò gbà, ibi tí àwọn èèyàn wà tẹ́lẹ̀ ló gbà, tí wọ́n ní oko, tí wọ́n ní ọjà, tí wọ́n ní ọba. Ọ̀nà ló wá bá ìlú.

Ìgbà wo ni àwọn ìlú náà ti wà níbẹ̀? Kí ọ̀rúndún 18 tó parí, ọjà Àpòmù ti lókìkí dé ààfin Ọ̀yọ́. Ẹ wo ibi tí ọjà náà wà, ẹ ó rí ìdí. Ọ̀yọ́ ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti ilẹ̀ ọ̀dàn ní àríwá. Ìjẹ̀bú ń gòkè bọ̀ láti ìhà etíkun pẹ̀lú ọjà tí àwọn òyìnbó ń já sí èbúté. Ifẹ̀ ló ni ilẹ̀. Òwu, ìjọba tó lágbára tí odi rẹ̀ le, wà ní tòsí níhà gúúsù. Níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, tí ìjọba mẹ́rin sì lè dé, ibẹ̀ ni ọjà ń dúró sí. Àwọn tó ń pè é ní ìlú ojú ọ̀nà kò parọ́, àbí? Ìlú ojú ọ̀nà ni lóòótọ́. Àṣìṣe wọn ni pé wọn kò mọ ọ̀nà tó jẹ́.

Ẹ̀rí kan wà tí kò ṣeé yí dànù. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897. Ó kú ní 1901, ìwé náà kò sì jáde títí di 1921, lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ti tún un tò. Nínú ìwé náà, Àpòmù wọ inú ìtàn Aláàfin kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ataare. Ó ní nígbà tí Awólẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ọba tó ń ṣòwò, ó ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ sóko ẹrú lọ́jà Àpòmù. Aláàfin Abíọ́dún ti pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ ta ọmọ Ọ̀yọ́ níbẹ̀ mọ́. Baálẹ̀ Àpòmù ṣe ojúṣe rẹ̀, ó ní kí wọ́n na Awólẹ̀, wọ́n sì nà án dáadáa. Lẹ́yìn èyí, Abíọ́dún wàjà, Awólẹ̀ sì jọba. Àṣà ni pé kí Aláàfin tuntun dárúkọ ibi tí ogun rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò kọjú sí. Awólẹ̀ dárúkọ Àpòmù. Ìyọnu bá àwọn ìjòyè, nítorí Ifẹ̀ ló ni Àpòmù, Ọ̀yọ́ kò sì gbọdọ̀ gbógun ti Ifẹ̀. Baálẹ̀ sá lọ bá Ọọ̀ni. Nígbà tó rí i pé ìlú òun lè parun nítorí òun, ó gbẹ̀mí ara rẹ̀, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ kí ìbínú ọba lè rọlẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ gbé ohun tó tẹ̀lé e wò. Ogun tí kò lè lọ sí Àpòmù mọ́ ni wọ́n darí sí Ìwéré. Ibẹ̀ ni àwọn jagunjagun ti ṣọ̀tẹ̀, tí Afọ̀njá sì wà lára aṣáájú wọn. Wọ́n yí padà sí ọba wọn, Awólẹ̀ sì gba ikú ní nǹkan bí 1796 lẹ́yìn tó ti ta ọfà sí igun ayé tó sì gégùn-ún fún àwọn èèyàn rẹ̀. A lè jiyàn bóyá ègún ló jà tàbí òṣèlú. A kò lè jiyàn pé ìtàn ìṣubú Ọ̀yọ́, bí ọmọ Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́, gba ọjà Àpòmù kọjá. Ẹni tó ń san owó láti lọ wo ìtàn Ọ̀yọ́ tó sì sáré kọjá ní Àpòmù ti fo ojú ìwé kan tó ṣe pàtàkì.

Ó wá kan ataare. Níhìn-ín ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́, nítorí ibí ni àìbìkítà ti pọ̀ jù. Ìtàn tí gbogbo ayé ń sọ ni pé ara Òwu kan àti ọlọ́jà ará Ìjẹ̀bú kan jà nítorí ataare tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ìjà náà di ogun, ogun náà sì pa Òwu rẹ́. Ó dùn ún sọ. Àwọn tó ń mú àlejò kiri fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó ń pa àlejò lẹ́rìn-ín. Àwọn olùkọ́ mìíràn sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó rọrùn fún ọmọdé láti rántí. Ìjà náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Johnson kọ ọ́, n kò sì ní sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi Johnson ṣe ẹlẹ́rìí kò kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ kà á bí ó ti tò ó. Ohun tó ṣáájú ni ìjínigbé. Lẹ́yìn ikú Abíọ́dún, agbára Ọ̀yọ́ dín kù, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tó wá nájà ní Àpòmù, wọ́n ń tà wọ́n. Ẹrú ní bàbá, ọ̀nà ló jìn. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń jìnnà sí bàbá wọn níbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀nà Àpòmù sí Ìjẹ̀bú. Àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ sí Olówu kó bá wọn fòpin sí i. Olówu dìde, kò sì dìde díẹ̀. Ó fọ́ àwọn ìlú Ifẹ̀ tó wà lágbègbè náà, Àpòmù àti Ìkirè sì wà lára wọn. Ìyẹn ni àkọ́kọ́. Ohun tó tẹ̀lé e ni pé Ifẹ̀ kó ogun lọ bá Òwu nítorí ìlú rẹ̀ tó fọ́, Òwu sì ṣẹ́gun ogun náà pátápátá. Ìtìjú kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀ tó ṣẹ́kù lè padà sílé. Wọ́n tẹ̀dó sí ẹ̀bá ibẹ̀ fún ọdún mélòó kan, wọ́n ń ṣọ́ ọjọ́ ẹ̀san. Ẹ̀yìn gbogbo èyí, tí ọ̀ràn ti gbó, ni ìjà ataare wá ṣẹlẹ̀ lọ́jà, tí Òwu kọlu àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú, tí Ifẹ̀ sì rí ẹni tí wọn yóò jọ jà.

Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn fún ọdún mẹ́fà, tó wá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta lẹ́nu ọ̀nà, tó ṣubú, tó sì kú, kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò sọ pé òkúta ló pa á.

Ẹ jẹ́ ká tún fi làákàyè lásán dán ìtàn náà wò. Bí ataare bá ni ìdí ogun, kí ni Ifẹ̀ ń wá níbẹ̀? Ọmọ Ifẹ̀ kò rà, kò tà. Kí ló dé tí àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ fi dara pọ̀ mọ́ àwọn tó sàga ti Òwu? Wọn kò mọ ẹni tó ni ataare. Kí ló dé tí Ìjẹ̀bú, tí kì í sábà fi òwò rẹ̀ sílẹ̀ torí ìjà ẹnì kan, fi kó ìbọn jáde? Ìdáhùn kan ṣoṣo ló dé gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí: ta ni yóò máa pàṣẹ lórí ọjà Àpòmù àti ọ̀nà tó lọ láti ibẹ̀ dé etíkun. Ìjẹ̀bú kò lè gbà kí Òwu máa kọlu ọjà tí wọ́n ti ń jẹun. Ifẹ̀ kò lè gbà kí ẹlòmíràn fọ́ ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ogun lé ń wá ilẹ̀ àti ohun tí wọn yóò jẹ. Akin Mabogunje àti J. D. Omer-Cooper, tí wọ́n kọ odidi ìwé kan lórí Òwu tó jáde ní 1971, tọ ipasẹ̀ ọ̀ràn yìí láti ibi òwò. Wọn kò fi ẹrù ogun ọlọ́dún púpọ̀ ru ataare.

Mo mọ ohun tí ẹni tó gbójú yóò sọ: ṣé kì í ṣe pé òwò ẹrú lásán lẹ wá fi rọ́pò ataare? Rárá. Mo ń sọ pé òwò ẹrú ló sọ ọjà tó dára di ojú ogun. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò náà fún àwọn èèyàn tirẹ̀ ní 1807, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àwọn Pọtogí àti ti Bràsíìlì kò dúró, Èkó sì ti di èbúté ńlá fún wọn. Iye tí wọ́n ń san lórí èèyàn ní èbúté ló ń mú ajínigbé jí dé òkè. Ní 1821, nǹkan bí ìgbà tí ọ̀ràn Òwu ń parí lọ, ni wọ́n mú Àjàyí Crowther ọmọdé ní Òṣóògùn, tí wọ́n sì tà á títí ó fi dé Èkó. Òwò kan náà ni. Ẹni tó bá sọ fún àlejò pé ataare ló fọ́ Òwu ti mú ẹrú kúrò nínú ìtàn ẹrú, ó sì fi ohun tí a fi ń súre fún ọmọ tuntun rọ́pò rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní, ó dára, ó tóbi jú bí a ti rò lọ, ṣùgbọ́n ìtàn abúlé sí abúlé ṣì ni. Èyí gan-an ló jìnnà sí òótọ́ jù. Òwu ṣubú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1820 lẹ́yìn ìsàga ọdún bíi márùn-ún, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má tún un tẹ̀dó. Àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ́gun kò túká lọ sílé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ilé mọ́. Wọ́n yí sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì di nǹkan bí 1829 wọ́n tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n lé sá lọ sábẹ́ òkúta Olúmọ ní 1830, wọ́n dá Abẹ́òkúta sílẹ̀, àwọn ará Òwu tó ṣẹ́kù sì lọ bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ìbàdàn tí àlejò ti bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò rẹ̀, Abẹ́òkúta tó fi ṣe ìrìnàjò ọdún tó kọjá, ọmọ ogun Òwu ni àwọn méjèèjì bí a ti mọ̀ wọ́n lónìí. Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 dára ní wíwò. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lórí òkè Mápó tí kò dé Àpòmù, àbájáde ló ń wò, kò tíì rí ohun tó fà á.

Ìdí mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn fi rò pé kò sí nǹkan. Ìwé àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò ni ọ̀pọ̀ fi ń díwọ̀n ìlú. Hugh Clapperton gba Badagry lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé ní 1825 sí 1826, ìhà ìwọ̀-oòrùn ló gbà; kò kan Àpòmù. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì fi dé Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1850, Òwu ti di igbó fún ọgbọ̀n ọdún, Ìkirè àti Àpòmù sì ti bọ́ sábẹ́ agbára Ìbàdàn. Ìgbà tí ọjà náà gbayì jù lọ kò bá ìgbà tí kálámù òyìnbó dé. Ìyẹn kò ní kí ìgbà náà má wà.

Ó ku ẹ̀sùn tó gbẹ̀yìn, tí mo sì ka sí, nítorí kì í ṣe aláìnírònú ló ń mú un wá. Wọ́n ní: a gbà pé ìtàn wà, ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ wò? Òótọ́ ni pé amọ̀ la fi ń kọ́lé, ewé gbòdógì la sì fi ń bò ó lágbègbè igbó, ogun sì kọjá lórí ohun tí òjò ì bá fi sílẹ̀. Wọn a wá fi wá wé Mẹ́síkò, níbi tí àlejò lè fi ọjọ́ mẹ́rin rìn láti Querétaro dé San Miguel de Allende, dé Guanajuato, kó sì máa fi ọwọ́ kan ògiri òkúta tí àwọn ará Sípéènì mọ nígbà tí fàdákà ń tú jáde nínú ilẹ̀ níbẹ̀. UNESCO kọ Guanajuato sílẹ̀ ní 1988, Querétaro ní 1996, San Miguel ní 2008. Àpẹẹrẹ tó dára ni, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n mú un wá, nítorí ẹ̀yìn mi ló wà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ àwọn ìlú náà tán, ní 2010, UNESCO kọ ọ̀nà fúnra rẹ̀ sílẹ̀: Camino Real de Tierra Adentro, ọ̀nà tí wọ́n gbà kó fàdákà, pẹ̀lú afárá rẹ̀, ilé ìsìn ẹ̀bá rẹ̀ àti àwọn ìlú kéékèèké tí kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ wọn rí. Wọ́n mọ̀ pé ìlú ńlá kò ní ìtumọ̀ bí a kò bá tẹ̀lé ohun tó so ó pọ̀ mọ́ èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ fara wé àwọn tó ń rìnrìn-àjò ní Mẹ́síkò, ohun tó yẹ kó kọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Ohun tó wà láti wò ní Ìkirè àti Àpòmù ni èèyàn, ààfin, ọjà àti agbo-ilé. Wọn kì í dúró sójú kan kí a ya fọ́tò wọn. Ó gba kí a béèrè, kí a jókòó, kí a gbọ́. Ó sì gba kí a gbọ́ ju ẹnu kan lọ. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni: bí àwọn ará Àpòmù ti ń sọ ìtàn ọjà wọn kò bá bí ọmọ Òwu ti ń sọ ọ́ mu, Ifẹ̀ ní tirẹ̀, Ìjẹ̀bú ní tirẹ̀. Inú ìyàtọ̀ yẹn ni àlejò tó gbọ́n ti ń rí èrè owó ọkọ̀ rẹ̀.

Kí n tó dé orí ètò, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí dòdò náà, nítorí òun pẹ̀lú ní àṣìṣe tirẹ̀. Àwọn kan rò pé dòdò lásán tó jóná ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá àlà, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n ń ṣù roboto, tí wọ́n sì ń dín nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Kì í tètè bàjẹ́, ìdí nìyẹn tó fi bá ìrìnàjò mu. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á. Mo ní kí ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ẹ tó rà á.

Ètò tó tọ́ kò ṣòro. Kí ẹ kúrò ní Ìbàdàn ní òwúrọ̀. Ẹ ó kọjá odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjìrẹ́, níbi tí wọ́n ti sé e tí adágún rẹ̀ sì ń fún Ìbàdàn lómi. Ẹ wò ó dáadáa, nítorí odò kan náà ni ẹ ń lọ kí ní Òṣogbo. Ẹ má dúró létí ọ̀nà márosẹ̀ ní Ìkirè. Ẹ wọ inú ìlú. Ẹ ránṣẹ́ ṣáájú sí ààfin Akirè, kí ẹ má kàn já wọlé bí ẹni tó ń wá ọ̀nà gáréèjì. Ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa èdè àti àṣà, lè tọ́ yín sọ́nà ju ọlọ́kadà lọ. Láti ibẹ̀, Àpòmù kò gba àkókò. Ẹ kí Alápòmù, ẹ béèrè nípa ọjà, kí ẹ sì ti béèrè ọjọ́ ọjà kí ẹ tó yan ọjọ́ ìrìnàjò. Èyí ni àwọn olùṣètò máa ń gbàgbé: wọn a mú Sátidé nítorí ìsinmi ọ́fíìsì wọn, bẹ́ẹ̀ ọrọọrún ni ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ wa ń ná, kò sì mọ Sátidé.

Ẹ tẹ̀ síwájú sí Gbọ̀ngán, kí ẹ sì ya sí gúúsù lọ sí Orílé-Òwu. Ẹ má ṣe fo ibẹ̀. Ọ̀nà tó gba ibẹ̀ kọjá ń bá a lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí ẹ bá dúró lójú rẹ̀ tí ẹ kọjú sí gúúsù, ìhà tí iyọ̀ àti ìbọn ti ń bọ̀, tí ẹrú sì ń lọ, ni ẹ ń wò. Àlàyé gígùn nípa ataare kò ní nílò ẹni tí yóò tako ó mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bí ẹ bá padà sí Gbọ̀ngán tí ẹ dorí kọ Ifẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè nípa Òde-Òmù tó wà nítòsí ibẹ̀, tó di ibi ààbò fún ọ̀pọ̀ ará Mọ́dákẹ́kẹ́ nígbà tí wọ́n tú ìlú wọn ká ní 1909, kí wọ́n tó padà láti 1922. Àwọn ará Mọ́dákẹ́kẹ́ náà, ọmọ Ọ̀yọ́ tí ogun lé ni wọ́n. Okùn kan náà ni ẹ ń fà láti àárọ̀.

Ẹ sùn ní Ifẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀nuwá tí ẹ sì rí àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, ẹ ó mọ̀ pé Ifẹ̀ tí ẹ ń wò kì í ṣe ìlú orírun tó kàn jókòó jẹ́ẹ́. Ìjọba tó ní ọjà, tó ní ààlà, tó jà fún wọn, tó sì pàdánù díẹ̀ nínú wọn ni. Ẹ tún béèrè ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ifẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn obìnrin máa ń kun ògiri rẹ̀ lọ́dà. Bí wọ́n bá gbà yín láàyè ẹ wọlé, bí wọn kò bá gbà, ẹ dúpẹ́.

Òṣogbo wá ńkọ́? Ó kéré tán, odidi ọjọ́ kan ni igbó Ọ̀ṣun àti iṣẹ́ ọwọ́ Susanne Wenger àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ sí, kì í ṣe wákàtí méjì ọ̀sán tí ó ti rẹ èèyàn tán. Ojú ọ̀nà mìíràn ló sì wà. Ẹni tí kò bá ní ju ọjọ́ méjì lọ, Òṣogbo ni kó yọ kúrò nínú ètò rẹ̀ títí di ìgbà mìíràn, kì í ṣe Àpòmù.